Ọlidé dé: Igbó Ọ̀ṣun, ilé aláró, Ilé-Ifẹ̀ àbí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, èwo ni kẹ́ ẹ mú àwọn ọmọ lọ?

Tí ọlidé bá ti wọlé, táwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò bá ti kó dé láti Èkó àti Ìbàdàn, tí wọ́n ti wo tẹlifíṣọ̀n títí tó fi sú wọn, ìbéèrè kan ló kù nílé: "Mọ́mì, níbo lẹ ń mú wa lọ?" Àwa tá a ń gbé Òṣogbo mọ̀ pé ìlú yìí ò ní ibi ìṣeré ọmọdé tó pọ̀ bíi ti Èkó, àmọ́ ó ní nǹkan tí Èkó ò ní, ìyẹn ibi tí iṣẹ́ àti ìṣe ayé àtijọ́ ò tíì parun, téèyàn lè lọ fojú ara ẹ̀ rí i láàárọ̀ kó sì padà wá jẹ oúnjẹ alẹ́ nílé. Àwọn òyìnbó máa ń dìídì kọ́ abúlé fún irú ẹ̀ ni, wọ́n á lọ tú àwọn ilé àtijọ́ wá láti oríṣiríṣi ìlú, wọ́n á tò wọ́n síbì kan, wọ́n á wá gba òṣìṣẹ́ tó máa wọ aṣọ ìgbà náà, tó máa rọ irin, tó máa yan búrẹ́dì lójú àwọn tó wá wòran. Skansen tó wà ní Stockholm nílẹ̀ Sweden ti ń ṣe é láti ọdún 1891. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ o. Aláró tẹ́ ẹ máa bá nídìí ìkòkò, ohun tó máa jẹ ló ń wá, ìyá tẹ́ ẹ sì bá lórí ìkúnlẹ̀ létí odò, ọmọ ló ń tọrọ lóòótọ́, kì í ṣe tìtorí yín ló ṣe kúnlẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìdí gan-an nìyẹn tí yíyan ibi tẹ́ ẹ máa lọ fi gba ìrònú, torí kò sẹ́ni tó to nǹkan kan sílẹ̀ de ọmọdé níbẹ̀.

Kí n tó kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ nǹkan tá a máa fi wọ̀n wọ́n.

Owó ni àkọ́kọ́, mi ò sì sọ owó géètì o. Owó géètì kọ́ ló ń tú àpò, owó mọ́tò ni, omi inú ọ̀rá ni, mínírà ni, àti "Dádì, ẹ ra èyí fún mi." Ẹ ṣírò gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, kẹ́ ẹ sì rán ẹnì kan lọ bi wọ́n lẹ́nu géètì iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àgbà, iye tọmọdé, àti bóyá kámẹ́rà ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀, kí gbogbo ará ilé tó bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìkejì, ẹsẹ̀ ọmọ: báwo ni ìrìn ibẹ̀ ṣe gùn tó, ṣé ẹ máa pọ̀n ọ́n padà ni? Ìkẹta, ṣé ọmọ á fọwọ́ ṣe nǹkan àbí á kàn máa wò? Lójú tèmi èyí ló ṣe pàtàkì jù, ó ṣe pàtàkì ju òkìkí ibẹ̀ lọ, torí ọmọ ọdún mẹ́fà tẹ́ ẹ ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan fún wákàtí méjì gbáko, ìyà lẹ fi ń jẹ ẹ́. Ìkẹrin, ṣó dájú: tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ṣé ẹ máa bá nǹkan tẹ́ ẹ torí ẹ̀ wá, àbí òjò, ọlidé ìjọba tàbí "ọ̀gá ò sí nílé" á dá yín padà? Ìkarùn-ún, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ọ̀rọ̀ yìí ń da ọ̀pọ̀ ilé láàmú, màá sọ ọ́ síta.

Igbó Ọ̀ṣun lọ́jọ́ lásán

Ibí ló sún mọ́ wa jù, kòrópe tàbí kẹ̀kẹ́ Màrúwá máa gbé yín débẹ̀ láti Ọjà Ọba, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń wo owó mọ́tò nìkan, òun ló borí. Igbó náà tó hẹ́kítà 75. Ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin ń dáàbò bò láti 1965, UNESCO sì fi í kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005.

Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ sọ fáwọn ọmọ pé igbó yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà kan, wọ́n ń gégi ẹ̀, àwọn ojúbọ inú ẹ̀ ń wó lulẹ̀. Susanne Wenger, tí gbogbo Òṣogbo mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ọmọ ilẹ̀ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, òun ló kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú yìí jọ: Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà tẹ́lẹ̀ tó wá ń fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọnà, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta, Kàsálí Àkàngbé tó ń gbẹ́ igi, àtàwọn mìíràn. Wọ́n tún àwọn ojúbọ náà kọ́, wọ́n mọ àwọn ère gàgàrà tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ lónìí. Ojúbọ ibẹ̀ tó nǹkan bí ogójì, ẹ ò sì lè rí gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọmọdé, ẹ má tiẹ̀ gbìyànjú ẹ̀. Màmá náà kú sí Òṣogbo níbí ní 2009, ọmọ ọdún 93. Ìtàn yìí nìkan, tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n sọ, ó tó mú ọmọ ọdún mẹ́wàá rìn yí igbó yẹn ká láì kùn, torí ọmọ fẹ́ràn kó gbọ́ pé bíríkìlà ló mọ ère tó ga ju ilé wọn lọ.

Ẹ gba gáìdì. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní "kí la fẹ́ fi gáìdì ṣe nínú ìlú wa," àmọ́ láì sí gáìdì, ère ni gbogbo ẹ̀ máa jẹ́ lójú yín, tó bá wà, ó máa fi ààfin àkọ́kọ́ tí ọba gbé kó tó kó lọ sáàárín ìlú hàn yín, á sọ ibi tẹ́ ẹ lè wọ̀ àti ibi tẹ́ ò lè wọ̀, á sì sọ ibi tí fọ́tò ò ti bójú mu. Tẹ́ ẹ bá bá ẹni tó ń bọ lọ́wọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ má na fóònù sí i lójú.

Ọ̀bọ wà níbẹ̀, wọn ò sì bẹ̀rù èèyàn mọ́. Ọmọ tó bá di ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́wọ́, ọ̀bọ á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, igbe á sì ta. Ẹ jẹun nílé kẹ́ ẹ tó wá, kí gbogbo wọn sì ti lọ ilé ìtura kí wọ́n tó kúrò nílé.

Odò ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kọ́mọ mu omi ẹ̀ o, ì báà jẹ́ pé ìyá àgbà ló ní kẹ́ ẹ bu díẹ̀ wálé. Àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti sọ omi náà di pípọ́n bí amọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ kìlọ̀ ní 2022 pé káwọn èèyàn má mu ún. Ẹ wò ó, ẹ ya fọ́tò lórí afárá, ó tó.

Ní ti ẹ̀sìn, àwọn òbí kan á ní àwọn ò lè mú ọmọ àwọn débi ojúbọ. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, ilé kálukú ló mọ tiẹ̀. Èrò tèmi ni pé wíwò kì í ṣe bíbọ, lọ́jọ́ lásán gáìdì á mú yín rìn, á sọ ìtàn, ẹ ó jáde, ó parí. Àtàárọ̀ ọjọ́ ni Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti Olórìṣà ti ń gbé agboolé kan náà ní Òṣogbo, Àtáọ́ja tó wà lórí oyè náà, Ọba Jimoh Oyètúnjí Ọlánípẹ̀kun, Jimoh lorúkọ wọn, àwọn náà sì lọba tó ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun lọ́dọọdún. Àmọ́ tí ọkàn ẹnì kan nínú yín ò bá balẹ̀, ẹ má fi tipátipá mú un lọ, torí ó máa fi ìbẹ̀rù ba ọjọ́ náà jẹ́ fáwọn ọmọ. Ilé aláró wà.

Ibi tó kù sí: ọmọ ò ní fọwọ́ ṣe nǹkan kan. Ìrìn àti wíwò ni. Nígbà òjò ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń yọ̀, ẹ̀fọn náà sì ń bẹ, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fara mọ́ jù.

Igbó Ọ̀ṣun lásìkò ọdún

Oṣù kẹjọ ni, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń ṣe é, inú ọlidé gígùn ló sì bọ́ sí, ìdí nìyẹn táwọn ọmọ Èkó fi máa ń fẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọjọ́ Arugbá, ìyẹn ọjọ́ tí wúńdíá tó ń ru igbá Ọ̀ṣun máa ń gbé e lọ sódò, tí gbogbo ayé sì ń rọ́ tẹ̀ lé e, kì í ṣe ọjọ́ ọmọ kékeré. Èrò á pọ̀ débi pé ẹ ò ní rí Arugbá gan-an, ẹ̀yìn orí àwọn èèyàn lẹ máa wò, àwọn jáwójáwó náà ò sì ní jókòó sílé. Àwọn tọ́mọ wọn ti dàgbà, tó lè dúró fún wákàtí mẹ́rin nínú oòrùn, ẹ lọ, kò sí ibòmíì tẹ́ ẹ tún ti lè rí irú ẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sọ́wọ́ ọmọ pẹ̀lú bírò, kẹ́ ẹ sì fi ibi tẹ́ ẹ máa pàdé sí hàn án kẹ́ ẹ tó wọ àárín èrò.

Nǹkan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rò ni pé ọdún yìí ní àwọn ọjọ́ mìíràn tó rọrùn fún ìdílé. Ìwọ́pópó tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, níbi tí ọba àtàwọn ìjòyè ti ń rìn nígboro, ìlù, orin, ẹ lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì níbi tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, tó bá sú àwọn ọmọ ẹ padà sílé. Àtùpà Olójúmẹ́rìndínlógún náà dáa lójú, ṣùgbọ́n alẹ́ ni, ọmọ ti sùn lẹ́yìn yín kó tó gbóná.

Ilé aláró àtàwọn oníṣẹ́ ọnà

Tọ́mọ yín ò bá tíì pé mẹ́wàá, mi ò ní fọ̀rọ̀ falẹ̀, ibí ni kẹ́ ẹ lọ. Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí tó dàgbà sídìí aró, dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ọnà ẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo níbí ní 1983, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn aláró kéékèèké ṣì wà káàkiri ìlú, tó máa gbà yín tẹ́ ẹ bá ti pè wọ́n sílẹ̀ ní bí ọjọ́ méjì ṣáájú. Pípè yẹn ṣe kókó o, torí aró kì í ṣe nǹkan tí wọ́n máa ń po lójú ẹsẹ̀ nítorí àlejò tó kàn ya wọlé.

Ẹ ní kí wọ́n fi àdìrẹ oníko bẹ̀rẹ̀. Ìko tàbí òwú ni wọ́n fi ń di aṣọ, wọ́n á ki òkúta wẹ́wẹ́ tàbí hóró àgbàdo sí i, wọ́n á so ó le dan-in dan-in, ibi tí okùn bá dì ni aró ò ní wọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣe é, á tiẹ̀ fẹ́ so ó títí aṣọ á fi tán. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ gba sùúrù ju ìyẹn lọ, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ, kó gbẹ, kó tó wọ aró, èyí dáa fáwọn tó ti wọ ṣẹ́kọ́ńdìrì tí wọ́n lè fara balẹ̀ ya nǹkan. Bátíkì, èyí tí wọ́n ń fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn àgbà, ó gbóná.

Èyí táwọn ọmọ máa ń pariwo lé lórí jù ni ìgbà tí aṣọ bá jáde látinú aró. Kì í jáde ní búlúù. Bí ewé tútù ló máa ń rí, afẹ́fẹ́ á wá fẹ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú díẹ̀díẹ̀ lójú wọn títí á fi di búlúù. Aró kì í yòrò sínú omi bẹ́ẹ̀ yẹn, àfi tí wọ́n bá ti jẹ́ kó kan pẹ̀lú omi eérú kó lè wọ inú òwú, tó bá wá jáde tó fara kan afẹ́fẹ́ ló tó padà sí àwọ̀ ẹ̀, kì í sì í tètè ṣí mọ́. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tó ń ka kẹ́mísìrì, ẹ bi í kó ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn àbúrò ẹ̀, ẹ máa rí i bó ṣe máa yangàn.

Ìkìlọ̀ kan. Láyé ìsinsìnyí, ewé èlú nìkan kọ́ ni wọ́n ń lò, ọ̀pọ̀ ń lo aró oníyẹ̀fun pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà, ó sì ń jó ara. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ so aṣọ, káwọn aláró fúnra wọn rì í sínú ìkòkò, kí ọmọ máà sún mọ́ ọn láì wọ ìbọ̀wọ́. Aṣọ kọ́tìnì funfun ni kẹ́ ẹ mú dání, ṣíìmí tàbí àpò ìrọ̀rí tó ti gbó máa ṣe é, pọlisítà ò ní gba aró rárá, ẹ máa fi owó yín ṣòfò ni. Kí gbogbo wọn wọ aṣọ tẹ́ ẹ ti fẹ́ jù nù.

Ní ti owó, wọn kì í ní iye kan pàtó, ẹ dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó jókòó, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá aró, ẹ̀kọ́ àti aṣọ wà nínú owó kan náà. Ó lè wọ́n ju owó géètì igbó lọ, àmọ́ ọmọ gbé nǹkan tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe lọ sílé, ìyẹn lèmi ń sanwó fún.

Tí àkókò bá kù, ilé Àdùnní Olórìṣà wà lójú ọ̀nà Ìbòkun, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kún fún ère látìsàlẹ̀ dókè, àwọn ọmọ máa ń ní ó ń bà wọ́n lẹ́rù, síbẹ̀ wọn ò fẹ́ kúrò níwájú ẹ̀. Ilé táwọn èèyàn ń gbé ni o, ẹ kí onílé dáadáa kẹ́ ẹ tó yọ fóònù. Tó bá sì jẹ́ pé igbó lẹ fẹ́ lọ lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ́kọ́ pa ìtàn àwọn tó tẹ ìlú dó fáwọn ọmọ, bí igi tí àwọn Láròóyè àti Tìmẹ́hìn gé ṣe wó lu odò, tí ohùn kan ké látinú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ọmọ tó ti bá aláró jókòó máa mọ ohun tó sọnù lọ́wọ́ ẹni tó ń ké yẹn.

Ilé-Ifẹ̀

Owó mọ́tò ti wọ̀ ọ́ báyìí. Tẹ́ ẹ bá ní ọkọ̀, kò burú, tó bá jẹ́ pé ẹ máa wọ bọ́ọ̀sì ni, ẹ̀yin ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà, ẹ ṣírò ẹ̀ ní lílọ ní bíbọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣèlérí fún ọmọ.

Nǹkan tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ tóbi o. Mùsíọ́mù Ifẹ̀ tó wà nítòsí ààfin, èyí tí wọ́n ṣí ní 1954, ní àwọn orí amọ̀ àti orí idẹ tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ wọn, púpọ̀ nínú àwọn idẹ náà jáde nílẹ̀ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 nígbà tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ ilé, ọ̀kan sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Ọ̀pá Ọ̀rányàn wà níbẹ̀, òkúta gàgàrà kan tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára. Ọmọ tó bá ti ka Odùduwà àti Mọ́remí nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ á dúró, á máa bi yín léèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ tí ò tíì kà á, gíláàsì àti òkúta ló máa rí, á ní ebi ń pa òun.

Ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ọgbà ẹranko tó wà nínú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ parí ẹ̀, ẹ sọ fáwọn kékeré láti àárọ̀ pé ẹranko ń bọ̀ lọ́sàn-án tí wọ́n bá ṣe jẹ́jẹ́ ní mùsíọ́mù. Ẹ má sì lọ lọ́jọ́ ọlidé ìjọba láì pè, ilé ìjọba ni mùsíọ́mù.

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà

Àwọn ọmọ máa dìbò fún un, mo mọ̀, torí omi tó ń já wálẹ̀ látorí àpáta ni. Omi náà dáa, ipele méje ló ní, ìtàn ibẹ̀ sì ni pé Akínlà, ọmọ ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí i. Àmọ́ ìyẹn ni gbogbo ìtàn tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀. Ó jìnnà ju Iléṣà lọ, àpáta ibẹ̀ ń yọ̀ gan-an nígbà òjò, ẹni tó ní ọmọ kékeré ò sì ní kọjá ipele kìíní. Tó bá jẹ́ ìgbádùn lẹ ń wá, ẹ lọ. Tó bá jẹ́ kọ́mọ rí bí àwọn bàbá ńlá wa ṣe gbé ayé, kì í ṣe ibẹ̀.

Ta ló yẹ kó lọ síbo?

Ọmọ tí ò tíì pé mẹ́wàá, ilé aláró, láì ronú lẹ́ẹ̀mejì, àgàgà tí ìdílé náà bá ní àníyàn ẹ̀sìn lọ́kàn. Àwọn tí owó wọn ò pọ̀ tí ọmọ wọn sì ti lè rìn, igbó Ọ̀ṣun lọ́jọ́ lásán, láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú, kẹ́ ẹ fún gáìdì lówó tó dáa. Ọmọ ṣẹ́kọ́ńdìrì tó fẹ́ràn ìtàn, Ilé-Ifẹ̀, kó sì mú ìwé àti bírò dání. Àlejò tó ti òkè òkun dé tí ò ní padà wá títí ọdún mẹ́ta, tó sì bọ́ sí oṣù kẹjọ, ẹ jẹ́ kó rí ọjọ́ Arugbá, ẹ fi àwọn kékeré sílé pẹ̀lú ìyá àgbà.

Àwọn tó ní ọmọ ọwọ́ àti ọmọ ọdún mẹ́tàlá nínú ilé kan náà, ẹ pín ara yín. Kí ẹnì kan mú àwọn àgbà lọ sí igbó láàárọ̀, kí ẹnì kejì mú àwọn kékeré lọ di àdìrẹ, ibi méjèèjì ò jìnnà síra wọn, ẹ pàdé nídìí ìkòkò aró ní nǹkan bí aago méjì. Kẹ́ ẹ sì mú ọ̀rá tó nípọn dání, torí aṣọ náà máa ṣì tutù nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọ kòrópe padà sílé, aró tó bá sì kán sórí ìjókòó oníkòrópe, ẹ̀yin lẹ máa sanwó ẹ̀.